Lọ́wọ́ Ìyá Ọlọ́gbà: Fi Ọwọ́ Ara Rẹ Kà Á

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹnu ba ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀gbìn èso, ewébẹ̀ àti òdòdó, tí mo sì sọ bí ìwádìí àṣekágbá wọn ṣe yẹ kó rí, ni lẹ́tà ti ń ya wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù, àmọ́ àwọn òbí náà ò gbẹ́yìn. Mo ṣa díẹ̀ nínú wọn. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ gùn jù ni mo fi ṣíwájú, torí ó kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ìpele 500 ni mo wà, ní Abẹ́òkúta. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n mú àkòrí mẹ́ta wá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti mú tòmátì àti kùkúńbà inú greenhouse, àwọn míì ń ra ajílẹ̀ olówó gọbọi. Owó ọwọ́ mi ò tó nǹkan, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fojú kéré iṣẹ́ mi. Kí ni kí n ṣe? — Ọmọ Aláìlówó

Ìdáhùn: Ewédú, ọmọ mi.

Má rẹ́rìn-ín. Lọ sí Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá, kí o bi àwọn ìyá tó ń ta irúgbìn léèrè Oníyàyà àti Amúgbádú. Oríṣi ewédú méjì ni, orúkọ Yorùbá yìí náà sì ni àwọn olùṣèwádìí ń kọ sínú ìwé wọn. Ra díẹ̀ nínú ọ̀kan. Bí o bá gbìn ín bó ṣe wà, ìwọ̀nba ni yóò hù. Kì í ṣe pé ó ti kú, ó ń sùn ni. Èèpo rẹ̀ le débi pé omi ò rí ọ̀nà wọlé. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́: wọ́n á di irúgbìn sínú aṣọ, wọ́n á tì í bọ omi gbígbóná, wọ́n á yọ ọ́ kíá. Ìbéèrè ìwádìí rẹ ti wà níbẹ̀. Báwo ni kíá yẹn ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó?

Mú ìgbà márùn-ún: èyí tí kò fojú kan omi gbígbóná rárá, èyí tó lo ìṣẹ́jú-àáyá 5, èyí tó lo 10, èyí tó lo 30, àti èyí tó lo 60. Kí omi wà ní nǹkan bí 93 lórí tẹmómítà onísẹ́ńtígíréèdì. Má fojú díwọ̀n rẹ̀, torí omi tó ń hó àti omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná kì í ṣe ọ̀kan náà. Fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, abọ́ mẹ́rin, irúgbìn 50 nínú abọ́ kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ abọ́ 20 àti irúgbìn 1,000, owó rẹ̀ ò sì lè tó owó àpò ajílẹ̀ kan. Bí petri dish, abọ́ pẹlẹbẹ onídèérí ti láàbù, ò bá tó nínú láàbù yín, abọ́ ike kékeré onídèérí ń ṣe é, bí gbogbo wọn bá ṣáà ti jẹ́ irú kan náà. Pẹ́ńsùlù ni kí o fi kọ nọ́ńbà sí bébà tí o máa tẹ́ sínú abọ́. Bí o bá fi bírò kọ ọ́, omi lè fọ̀ ọ́ lọ, tó bá di ọjọ́ kẹta wàá dúró máa wo abọ́ 20 tí wọ́n jọra wọn.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ rárá, pinnu ohun tí o máa pè ní híhù. Lọ́dọ̀ tèmi, bí gbòǹgbò funfun bá ti yọ tó mìlímítà 2, ó ti hù. Kà á, fi ẹ̀mú kékeré yọ ọ́ kúrò nínú abọ́, kọ ọ́ sílẹ̀. Aago kan náà lójoojúmọ́ ni, títí kan ọjọ́ ìsinmi. Má rán àbúrò rẹ. Ohun tí ìwọ pè ní mìlímítà 2, òun lè pè é ní kò tíì yọ.

Ibi tó dùn jù wà lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń da irúgbìn nù tí wọ́n á ní iṣẹ́ parí. Ká ní nínú abọ́ tí kò fojú kan omi gbígbóná, 8 ló hù nínú 50. Ká ní nínú abọ́ tó lo ìṣẹ́jú-àáyá 60, 8 náà ló hù. Lórí bébà, nǹkan kan náà ni méjèèjì. Wá fi ẹ̀mú tẹ 42 tó kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ti àkọ́kọ́ á le koko, á máa yọ̀ bọ́ lẹ́nu ẹ̀mú: ó ṣì ń sùn. Ti èkejì á rọ̀, omi á jáde lára rẹ̀, ó lè ti máa rùn pàápàá: o ti sè é. Bí o bá ká àkọ́kọ́ jọ, kí o gbé e gba omi gbígbóná bó ṣe yẹ, ó ṣeé ṣe kó hù. Èkejì ò ní hù láé. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ rán ẹlòmíì ò ní rí èyí, torí 8 àti 8 ni wọ́n máa kọ ránṣẹ́ sí i.

Bí ọ̀gá rẹ bá ní iṣẹ́ náà kéré, fi oríṣi kejì kún un, tàbí kí o fi irúgbìn ọdún yìí dojú kọ ti èṣí. Abọ́ á di 40, ìbéèrè náà á sì jinlẹ̀ sí i. Bó bá ní kó dé oko dandan, lo béèdì 16: ọ̀nà mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wáyé lẹ́ẹ̀mẹrin. Wo ibi tí ilẹ̀ dà sí kí o tó pín in sí ẹgbẹ́ mẹ́rin. Kí béèdì mẹ́rin inú ẹgbẹ́ kan wà lórí ìpele kan náà, kó má jẹ́ pé ọ̀kan wà lókè tí òjò ń fọ̀, tí èkejì sì wà nísàlẹ̀ níbi tí gbogbo ọ̀rá ilẹ̀ ń wọ́ sí. Láti mọ èyí tó máa bọ́ sórí béèdì wo, ká bébà mẹ́rin, da wọ́n sínú fìlà, kí o mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ mìíràn, ìmú mìíràn.

Ní ti tòmátì, mi ò ní o má ṣe é. Ṣùgbọ́n rántí ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta wọ oko tòmátì ní Kàdúná débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde ìdágìrì lórí rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ ni kòkòrò yẹn mú lómi. Bó bá dé orí béèdì akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ ò tó ra oògùn, tí ó sì ku oṣù méjì kó dáhùn níwájú àwọn olùyẹ̀wò, kí ni yóò kọ? Àkòrí tó gùn kì í ṣe ìwádìí ńlá. Àwọn olùyẹ̀wò tí mo bá jókòó nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ ni: ṣé ìwọ lo ṣe é? Ẹni tó bá ti tẹ irúgbìn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kì í kólòlò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo kí yín, Ìyá. Ọmọkùnrin mi ti dé ìpele 400, odindi ọdún sì ni wọ́n fi ń lò ó lóko. Ó ń ro ilẹ̀, ó ń da ìgbẹ́ adìẹ sí béèdì. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, èmi gan-an sì mọ ọkọ́ lò. Ṣé torí èyí ni mo ṣe ń sanwó ilé-ìwé? — Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìnáwó ọmọ o. Ìpele 400 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì wa máa ń lò lóko. Wọ́n so ó mọ́ SIWES, ètò tí àjọ ITF bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú kan iṣẹ́ kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ọmọ yín nìkan kọ́ ló ń rò.

Ẹ dán an wò nígbà tó bá wálé. Ẹ fún un ní ọ̀bẹ tó mú, kí ẹ ní kó fi ojú òsàn dídùn kan lẹ̀ mọ́ ara òrombó mìíràn. Igi ìsàlẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ nípọn ju pẹ́ńsùlù lọ púpọ̀. Yóò la èèpo rẹ̀ bíi lẹ́tà T, yóò bẹ ojú kan pẹ́lẹ́ńgẹ́ láti ara ẹ̀ka òsàn tó dára, yóò tì í bọ abẹ́ èèpo, yóò fi ọ̀rá wé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, yóò tú u. Bó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó ti mú. Bó bá ti dúdú, kó tún un ṣe. Òsàn tí ẹ gbìn láti inú kóró lè lò tó ọdún 7 kó tó so, ìgbà tó bá sì so, ẹ ò lè búra pé bí ìyá rẹ̀ ṣe dùn ni yóò ṣe dùn. Èyí tí wọ́n lẹ ojú mọ́ máa ń so láàárín ọdún 3 sí 4. Olùkọ́ lè fi wákàtí kan ṣàlàyé rẹ̀ lójú pátákó, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò ní mọ bí èèpo ṣe ń jẹ́ fún ọ̀bẹ títí dìgbà tó bá ti ba igi mélòó kan jẹ́. Igi tí wọ́n bá bàjẹ́ nílé-ìwé, ilé-ìwé ló ni ín. Tí wọ́n bá bàjẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà, owó ọmọ yín ni.

Ní ti ọkọ́ tó ń rò, bàbá yín náà rò ó, ó sì ṣeé ṣe kó mọ̀ ọ́n rò ju ọmọ lọ. Ohun tó yà wọ́n ni ìwé àkọsílẹ̀: ìwọ̀n ìgbẹ́ adìẹ tó dà, ọjọ́ tó dà á, ohun tó kó jáde. Ẹ bi í pé kó fi ìwé yẹn hàn yín. Bí kò bá ní ọ̀kan, tí kò sì sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, alágbàṣe tí kò gbowó ni wọ́n sọ ọ́ dà. Nígbà náà ẹ jàre, kí ẹ lọ bá wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì. Béèdì 12 ni mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí, ajílẹ̀ oríṣi mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí n kó o wọ̀n, mo dé oko láàárọ̀, mo bá a pé àwọn kan ti já béèdì méjì mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n wo nọ́ńbà àwọn tó kù, kí n fi èyí tó bá a mu síbẹ̀. Àyà mi ń já. — Tẹ̀tẹ̀ Ti Lọ, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Gbọ́ ti àyà rẹ, má gbọ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ. Má fi nọ́ńbà kankan síbẹ̀, má sì kọ 0. Ohun tí 0 ń sọ ni pé o wọ̀n ọ́n, o ò sì rí nǹkan kan. Ìwọ ò rí i wọ̀n ni. Kọ "sọnù" síbẹ̀, kọ ọjọ́, kọ ohun tó fà á, kí o sì lọ bá ọ̀gá rẹ lónìí.

Béèdì 12 tí a pín sí ẹgbẹ́ mẹ́ta máa ń fi 6 sílẹ̀ fún ohun tí àwọn oníṣirò ń pè ní error degrees of freedom, ìyẹn iye ìsọfúnni tó ṣẹ́kù láti fi díwọ̀n ìyàtọ̀ tó kàn ṣèèṣì wáyé. Méjì tó lọ yìí sọ ọ́ di 4. Agbára rẹ láti fi ìyàtọ̀ hàn ti dínkù, ó dunni, àmọ́ iṣẹ́ ò tíì bàjẹ́. Ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà ṣírò ìwádìí tó ní àlàfo, ọ̀gá rẹ á mọ̀ ọ́n. Gíga igi àti iye ewé tí o ti ń wọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣì pé fún gbogbo béèdì títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n já a. Má jẹ́ kí ìbànújẹ́ mú ọ gbàgbé wọn.

Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ò mọ̀ ni pé irọ́ inú nọ́ńbà máa ń hàn. Béèdì mẹ́ta tí ajílẹ̀ kan náà wà lórí wọn kì í wọ̀n bákan náà. Ọ̀kan á sún mọ́ ilé ikán, òjìji igi á bo ọ̀kan láti ọ̀sán lọ, ẹni tó bomi rin ín á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé orí ẹ̀kẹta. Tí mo bá rí kílò 2.40, 2.45, 2.50 lórí ìlà kan, mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé oko wá, èyí tí ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń tán sí.

Ẹni tó já a náà, ọbẹ̀ ló rí, kò rí ìwádìí. Nígbà mìíràn, gbin ìlà kan yí béèdì rẹ ká tí o ò ní wọ̀n. Ó yẹ kí o gbìn ín tẹ́lẹ̀, torí igi tó wà létí máa ń rí oòrùn àti àyè ju ti àárín lọ, kò sì ṣeé fi wé wọn. Èmi máa ń fi ìlà mìíràn kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ já, mo sì máa ń di ìdì kan fún ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá mi lé ewúrẹ́.

Ìbéèrè: Mà, ibi tí mo ti ń ṣe IT (ẹ̀kọ́ lẹ́nu iṣẹ́), ọ́fíìsì ni mo ń gbá, mo sì ń ra oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá. Ó ku oṣù mẹ́rin. Ṣé kí n sá lọ ni? — Ìgbálẹ̀ Lọ́wọ́, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Má sá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ níbẹ̀ ò sí ní ọ́fíìsì tí ò ń gbá. Wọ́n wà nínú oko àti níbi tí wọ́n ti ń tọ́ irúgbìn, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti ń gbin nǹkan kí a tó bí ọ, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bi ní ìbéèrè. Tètè dé láàárọ̀, bá wọn rin omi, máa béèrè pé "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ń gé e níbí tí ẹ ò gé e lókè?" Ohun tí o bá gbọ́, kọ ọ́ sínú logbook rẹ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n fún ọ ní béèdì kan péré tó jẹ́ tìrẹ. Kò wọ́pọ̀ kí wọ́n kọ̀ fún ẹni tó béèrè iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì lọ, ẹ tètè kọ̀wé. Ìbàdàn nìkan ní ilé ìwádìí NIHORT ní Ìdí-Ìṣin, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975 fún èso àti ewébẹ̀ gan-an, ó ní IITA, ilé ìwádìí àgbáyé fún ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, láti ọdún 1967, ó sì ní CRIN ní Ìdí-Ayunrẹ́ fún kòkó, obì, kofí àti kajú. Orúkọ ńlá nìkan ò tó o. Oko àdáni kékeré tí olówó rẹ̀ ń wọ̀n ohun tó ń kó jáde lè kọ́ ọ ju gbajúmọ̀ ibi tí wọ́n ti ń rán ọ ní wàrà lọ.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, Àǹtí. Houston la wà. Ọmọ mi obìnrin wà lọ́dún kejì ní yunifásítì, Horticulture ló ń kọ́. Ó fẹ́ ṣe ìwádìí lásìkò ooru, mo sì fẹ́ mú irúgbìn ewédú àti tẹ̀tẹ̀ bọ̀ fún un nígbà tí mo bá wálé. — Ìyá Ọmọ, Texas

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ má ṣe di irúgbìn sínú báàgì o. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, bí ẹ ò bá sì ní in wọ́n á gbà á. Ilé ìtajà irúgbìn wà níbẹ̀ tó ń ta ewédú, orúkọ tí àwọn ará Íjíbítì mọ̀ ọ́n sí, molokhia, ni kí ẹ wá. Tẹ̀tẹ̀ náà wà. Kódà ìbátan rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Palmer amaranth ni àwọn àgbẹ̀ òwú àti sóyà níbẹ̀ ń náwó gidi lé lórí kó lè kúrò lóko wọn. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n lọ́bẹ̀ lè rí ìbéèrè tí àwọn yòókù ò ní rí.

Kó wá ètò REU tí NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ń gbówó fún, àti REEU tó jẹ́ ti USDA, iléeṣẹ́ ìjọba wọn fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó àjẹmọ́nú kó lè fi ooru ṣe ìwádìí. Ti NSF, ọmọ onílùú tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí ayé ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì máa ń gba ìwé ìbéèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nítorí náà kó má dúró di ìgbà ooru. Bí kò bá rí i gbà, kó kan ilẹ̀kùn olùkọ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ láàbù ń wá ẹni tó máa fọ ìkòkò òdòdó. Ibi ìfọ̀kòkò ni ènìyàn ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń wá.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n ní kọ̀ǹpútà kí n tó lè ṣe ANOVA, ìṣirò tó ń fi hàn bóyá ìyàtọ̀ gidi wà láàárín àwọn ohun tí mo dán wò? Business centre ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wa ní àwọn á bá mi ṣe é. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin

Ìdáhùn: Wọ́n á ṣe é, wọn ò sì ní mọ̀ pé béèdì kẹjọ rẹ gba àgbàrá. R, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, kì í gba owó, o lè yá kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ fún ìrọ̀lẹ́ kan. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ kàn án, mú kalikulétọ̀ àti bébà fífẹ̀ kan, kí o fọwọ́ ara rẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Béèdì 16 ò ju iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Lẹ́yìn náà fi ti R wé e. Bí èsì méjèèjì ò bá bára mu, padà sínú ìwé oko rẹ, kí o wá ìlà tí o ti fi nọ́ńbà béèdì kan sípò òmíràn.